Kí Ni Ó Wà Nínú Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Òbí Ọmọ Wẹ́wẹ́

(Èyí ni ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé àwọn ìyá ọlọ́mọ.)

  

Àwọn baba wa a máa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí mu gan-an, nítorí pé inú ọjà pàápàá ni orí ọmọ ti ń wọ́ ní ayé tí a wà yìí. Ẹ wọ ọjà èyíkéyìí tí ó bá wù yín. Ẹ ó rí mílíìkì inú agolo ní oríṣiríṣi, ẹ ó rí fídà, oògùn eyín, oògùn inú rírun, àtíkè ọmọ, kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun mìíràn tí àwọn ìyá wa àgbà kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwòrán ọmọ tí ó mọ́ra tí ó sì ń rẹ́rìn-ín wà lára páálí gbogbo wọn. Fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wa pẹ̀lú ti di ìsọ̀ ọlọ́jà. Kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ìpolówó ọjà ti kún ojú fóònù ìyá rẹ̀.

Èmi kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ mi ni láti mú ohun tí àwọn onímọ̀ ti wádìí wá sí etígbọ̀ọ́ ará ìlú ní èdè tí ó yé tọmọdé tàgbà. Ohun tí mo ní í sọ kò pọ̀. Bí a bá fẹ́ ra ohun kan fún ọmọ, tàbí tí a bá fẹ́ lo ohun tí àwọn àgbà fi lé wa lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè mẹ́ta nípa rẹ̀. Èkíní: kí ni ó wà nínú rẹ̀? Èkejì: kí ni yóò lé kúrò lọ́dọ̀ ọmọ? Ẹ̀kẹta: kí ni ẹ̀rí tí a ó fi mọ̀ pé ó ṣe ọmọ ní rere? Ohun tuntun kò burú nítorí pé ó jẹ́ tuntun, ohun àtijọ́ kò sì dára nítorí pé ó jẹ́ ti àtijọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí kì í ṣe ojúsàájú sí èyíkéyìí nínú wọn.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Láti ìparí ọdún 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní orílẹ̀-èdè wa yìí mu oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín. Kẹ́míkà olóró kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ diethylene glycol ti wọ inú oògùn náà. Irú kẹ́míkà yìí ni a máa ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Àwọn ọmọ náà kò lè tọ̀ mọ́, kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀, ó sì kéré tán, ọmọ 84 ni ó kú. Àwọn ìyá wọn kò ní èrò ibi sí wọn. Owó ni wọ́n fi ra oògùn náà, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi bù ú sí ọmọ lẹ́nu.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé eyín híhù kì í ṣe àìsàn. Ìgbín ẹnu ọmọ lè máa yún un, itọ́ lè máa dà á lẹ́nu, ó sì lè máa sunkún. Ṣùgbọ́n bí ara ọmọ bá gbóná janjan, tàbí tí ó ń ṣu omi, kì í ṣe eyín ni ó fà á. Àìsàn mìíràn ni, ilé ìwòsàn ni ó sì yẹ kí a gbé e lọ. Kí a tó ra oògùn èyíkéyìí fún ọmọ, kí a wo nọ́ńbà àjọ NAFDAC tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, kí a sì wo ọjọ́ tí agbára oògùn náà yóò tán. Ṣùgbọ́n wíwò yìí nìkan kò tó. Kí a béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ọmọ nílò oògùn náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mìíràn tí ó súnmọ́ wa ju oògùn lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ aboyún a máa to aṣọ ọmọ sínú àpótí kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, wọn a sì fi àwọn hóró funfun olóòórùn líle nnì tí à ń pè ní káńfọ̀ sáàárín aṣọ náà, kí aáyán má baà débẹ̀. Naphthalene ni a fi ṣe púpọ̀ nínú àwọn hóró wọ̀nyí. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní ààbò kan tó, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn ọmọkùnrin, a kò sì lè fi ojú lásán mọ̀ wọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn náà símú, tàbí tí aṣọ náà bá kan ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ẹyinjú àti àwọ̀ rẹ̀ yóò sì di yẹ́lò. Èyí ni à ń pè ní ibà pọ́njú. Bí a bá fi falẹ̀, oró náà yóò gun ọpọlọ. Ọmọ lè kú. Èyí tí ó bá yè nínú wọn lè di adití, tàbí kí ó má lè jókòó, kí ó má sì lè rìn, títí ayé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ mọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sínú oòrùn kí ó gbẹ dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá tí ó mọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé ojú ọmọ tuntun di yẹ́lò, ẹ má ṣe máa gbé e sínú oòrùn àárọ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ máa retí pé yóò lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí a rà ní ìsọ̀ nìkan ni mò ń bá wí, ìbéèrè yìí kan tìróò wa pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ tan mọ́ Nàìjíríà. Wọ́n wádìí títí, wọ́n sì rí i pé tìróò tí a mú láti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n ń lé sí ọmọ náà lójú, ni ó fà á. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún rẹ̀ lọ ni ó jẹ́ òjé. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ibà, láìsí ìrora. Ìyá lè má mọ̀ títí ọmọ yóò fi dé ilé-ìwé tí ẹ̀kọ́ kò ní í wọ̀ ọ́ lórí. Ojú ọmọ rẹwà tó láìlé tìróò.

KÍ NI YÓÒ LÉ KÚRÒ?

Inú ọmọ kéré. Ohun tí a bá fi sí i ti gba ipò ohun mìíràn. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kejì fi ṣe pàtàkì.

Dókítà obìnrin kan wà tí a bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams ni orúkọ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣàkóso ibẹ̀. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí àwọ̀ ara wọn ń ṣí, tí wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Gàá sọ orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà fún un: kwashiorkor. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tí í ṣe ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú nígbà tí a bí àbúrò lé e. Ní ọdún 1935 ó gbé orúkọ náà jáde nínú ìwé àwọn dókítà, ó sì ṣàlàyé pé àwọn ọmọ tí a ń fi oúnjẹ àgbàdo lásán bọ́ ni ó ń ṣe. Ẹ ṣàkíyèsí i pé àwọn ọmọ náà ń jẹun. Ikùn wọn kún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọlé kò tó dípò ohun tí ó jáde.

Láti ibẹ̀ ni ó gba Singapore lọ. Ó bá àwọn ọmọ mìíràn níbẹ̀ tí ń kú nítorí pé mílíìkì agolo ti gba ipò ọmú ìyá wọn. Ní ọdún 1939 ó dìde níwájú àwọn èèyàn ńláńlá ìlú, ó sì sọ láìfi bò pé ìpànìyàn ni ó yẹ kí a máa pe irú ikú bẹ́ẹ̀. Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí ayé tó fetí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, Àpéjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí ìlànà kan tí ó sọ pé kí àwọn oníṣòwò má ṣe polówó ohun tí ó ń gba ipò ọmú fún ará ìlú, kí wọ́n má sì ṣe fún ìyá ọmọ ní ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1990 ìjọba orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ni mílíìkì agolo ṣe tí òfin fi ní láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ó ní àkókò tí ó wúlò. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tàbí èyí tí dókítà sọ pé kí ó má mu ọmú, inú rẹ̀ ni yóò ti rí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ omi mímọ́, iná ìsebọ̀, ọwọ́ tí ó mọ́, àti owó tí kì í tán. Bí agolo kan bá yẹ kí ó tán ní ọ̀sẹ̀ kan, ìyá tí owó rẹ̀ kò tó yóò máa fi omi là á kí ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ yóò sì máa mu omi funfun. Fídà pẹ̀lú ṣòro láti fọ̀ mọ́, èérí a máa sá pamọ́ sínú orí rọ́bà rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá di dandan kí ọmọ mu mílíìkì agolo, ife àti ṣíbí dára ju fídà lọ. Lójoojúmọ́ tí ọmọ kò bá mu ọmú, bẹ́ẹ̀ ni omi ọmú ń gbẹ, títí a ó fi di ẹrú agolo.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera àgbáyé ń sọ kò ṣòro. Kí a fi ọmọ sí ọmú láàárín wákàtí kan tí a bí i. Kí a má ṣe fún àkọ́fún ọmú tí ó pọ́n nnì dànù, nítorí òun ni ààbò àkọ́kọ́ fún ara ọmọ. Fún oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni, kò sí omi, kò sì sí àgbo. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí a máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyàwó àti ìyá ọkọ. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú: ìfẹ́ ni ẹ fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú ọmú tó láti pa òùngbẹ ọmọ, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi àti àgbo tí a ń rọ ọmọ ń gba ipò ọmú nínú rẹ̀, wọ́n sì lè gbé àrùn wọlé. Ìyá tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ lè fún ọmú rẹ̀ sínú ife tí ó mọ́ tí ó sì ní ìdérí, kí ẹni tí ó wà nílé fi ṣíbí fún ọmọ láàárín wákàtí díẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí oúnjẹ bá ọmú kẹ́gbẹ́ títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàdo ni ògì wa, ó sì fún ọmọ ní agbára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òun nìkan bọ́ ọmọ, ohun tí Cicely Williams rí ní Gold Coast ni a ó rí. Kí a po ẹ̀wà lílọ̀, sóyà, edé tàbí ẹja lílọ̀ mọ́ ọn, kí a sì ro epo pupa díẹ̀ sí i. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì ti ṣe ògì onísóyà fún ìdí yìí. Ẹyin kan tí ọmọ jẹ kò ní í sọ ọ́ di olè.

Ìbéèrè yìí kan àwọn ohun ìṣeré pẹ̀lú. Kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn kì í mú ọmọ tètè rìn. Ó ń gba àkókò tí ọmọ ìbá fi rá, tí ìbá fi di ògiri mú, tí ìbá sì fi kọ́ bí a ti ń dúró. Nítorí ìṣubú láti orí àtẹ̀gùn, orílẹ̀-èdè Kánádà ka títà rẹ̀ léèwọ̀ ní ọdún 2004. Ti fóònù tí a ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́, ní ọdún 2019 àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì má máa wò ó rárá, kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má sì ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Fóònù a máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í dá ọmọ lóhùn. Ohun tí ó ń lé kúrò ni ìyá tí ń fi oríkì pe ọmọ, àti bàbá tí ń pa àlọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tuntun tí ó dára kì í lé ohunkóhun kúrò. Ohun àtijọ́ wa ni ó wọ aṣọ mìíràn. Ní àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, ṣiṣẹ́ ní Tógò. Ó rí bí àwọn ìyá ti ń pọn ọmọ, tí ọmọ sì ń sùn lálàáfíà. Nígbà tí ó padà sílé, òun àti ìyá rẹ̀ rán aṣọ ìgbọ́mọ kan, ó sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1969. Orúkọ rẹ̀ ni Snugli, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní òkè òkun sì ra á lówó gọbọi. Ní ìlú Bogotá, ní Kòlóńbíà, ní ọdún 1978, àwọn dókítà tí kò ní ẹ̀rọ amúmọmóoru tó bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé mọ́ àyà ìyá wọn, àwọ̀ kan àwọ̀. Ọ̀nà náà ti gba ẹ̀mí ọmọ púpọ̀ là káàkiri ayé. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ọ̀já àti ẹ̀yìn kò tíì tòṣì.

KÍ NI Ẹ̀RÍ RẸ̀?

Ọ̀rẹ́ yóò sọ pé, “Ọmọ mi mu ún, ó sì sanra.” Ẹ jọ̀wọ́, sísanra lójú kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nítorí àìjẹun-re-kánú lè dàbí ẹni tí ó sanra lójú ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ̀rí tí ó dájú wà, ilẹ̀ wa níbí ni ó sì ti di olókìkí. Ní ọdún 1956 dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣètò ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi àmì sí orí káàdì kan. Bí a bá fa ìlà láti àmì dé àmì, ó di ọ̀nà. Bí ọ̀nà náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ewu ń bọ̀, bí ọmọ tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Morley kò kó àwọn káàdì náà pamọ́ sí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni ó fi wọ́n sí, nítorí ó gbà pé ìyá ni olùtọ́jú àkọ́kọ́. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ èéyi wò ní ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí èéyi ń pa ọmọ bí ẹni ń ká èso. Ọdún 2009 ni ó fi ayé sílẹ̀.

Káàdì náà ni kí a fi dán ohun gbogbo wò. Ohun tí a rà, ṣé ó mú ìlà ọmọ gòkè? Lórí káàdì yìí kan náà ni a ń kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí: ní ọjọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìtọ́jú ìjọba. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọjà mú yín fo ọ̀kan nínú wọn.

Ohun mìíràn tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú ni omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Èyí tí ó wà nínú ọ̀rá kékeré, tí a ń pè ní ORS, ni ó dára jù. Bí kò bá sí, kí a fi ṣíbí ìmutíì bu ṣúgà mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, kí a bu ìdajì ṣíbí kan náà ti iyọ̀, kí a sì pò wọ́n mọ́ lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Kí a má ṣe fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a máa fi ṣíbí fún ọmọ díẹ̀díẹ̀, kí a má sì ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Kí a béèrè oògùn síǹkì ní ilé ìwòsàn, kí ọmọ sì lò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Bí ojú ọmọ bá jìn, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí a má ṣe dúró nílé.

Ẹ̀yin bàbá, mo fẹ́ bá yín sọ gbólóhùn kan kí n tó jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ sábà máa ń mú owó jáde, ẹ sì máa ń fẹ́ kí ará àdúgbò rí i pé ọmọ yín kò ṣe aláìní. Ẹ gbọ́: ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà tí ìyá ọmọ jẹ kí ara rẹ̀ lè le níbi tí ó ti ń fún ọmọ lọ́mú, àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn, ọṣẹ ìfọwọ́, àti owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ ìwọ̀n, ìwọ̀nyí ni ọrọ̀ ọmọ. Bí ẹ bá ṣe wọ̀nyí tán tí owó ṣì kù, ẹ ra ohun ìṣeré tí ó bá wù yín.

Ọmọ kò lè sọ fún ọlọ́jà pé òun kò fẹ́. Kò lè ka ohun tí a kọ sí ara ìgò. Àwa ni ẹnu rẹ̀, àwa sì ni ojú rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tún dé ìsọ̀, tí wọ́n bá gbé ohun dáradára kan sí yín lọ́wọ́, ẹ má tijú láti béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé àgbà wà lọ́jà.

 A ó jẹun ọmọ o.